Òjòlá tí Wọ́n Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bí a ti ń sin ejò. Wọn kò pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, bóyá mẹ́rin ni, tíṣà sì ni gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ ní ẹranko alààyè kan tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lè máa wò. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa. Mo ní kí àpótí náà gùn tó ejò fúnra rẹ̀, kí ìdérí rẹ̀ wúwo, kí omi má gbẹ níbẹ̀, kí ihò kékeré kan sì wà tí ó lè sá pamọ́ sí, torí pé ejò tí kò ríbi sá sí kì í jẹun. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo pa ejò àkọ́kọ́ tí mo sìn, lẹ́yìn náà ni mo purọ́ fún ẹni tó fi í sí ìkáwọ́ mi.

Ọdún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni mo jáde yunifásítì, tí mo sì padà sí Ìlá láti wá kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti ewéko. Èmi nìkan ni obìnrin láàrin àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Mísì ni wọ́n ń pè mí. Mo gbàgbọ́ nígbà náà pé ohun tí ó bá dájú, ìwé ni yóò ti sọ ọ́, pé ohun tí ìwé kò bá sọ, a gbọ́dọ̀ fura sí i. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ni mo ń bá kiri.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń ṣe oko kòkó àti iṣu ní abúlé kan tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Bàbá ni mo ń pè é, nítorí pé òun ló dúró bíi bàbá fún mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ìdílé wọn kì í pa òjòlá, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá kú sórí ilẹ̀ wọn, aṣọ funfun ni wọ́n ń fi wé e kí wọ́n tó sin ín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ènìyàn mẹ́ta nínú wọn léèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì gbà. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ṣe ohun tó yàtọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ká kòkó lọ́wọ́ lọ́dún náà, Bàbá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sóko. Mo bá a níbi tí ó ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo òkìtì kòkó tútù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń bo kòkó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sá a, àti pé inú òkìtì náà máa ń gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè pẹ́ níbẹ̀. Agbọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi okùn de ìdérí rẹ̀.

"Àlejò kan wà lọ́dọ̀ mi," ni Bàbá wí. "Ẹ̀gbẹ́ kòkó yìí ló ń sùn láti ọjọ́ mẹ́rin. Ooru ló bá wá."

Mo ṣí agbọ̀n náà díẹ̀. Ọmọ òjòlá ni, gígùn rẹ̀ kò ju apá mi méjì lọ. Ó ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká.

"Kí ló dé tí ẹ kò fi fi í sílẹ̀ níbẹ̀, Bàbá?"

"Àwọn lébìrà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ejò tí àwọn yẹn bá rí, ọbẹ̀ ni. N kò bá wọn wí, ilé wọn kò kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè máa ká kòkó kí n tún máa ṣọ́ ejò. Ìwọ lo kàwé ẹranko. Bá mi tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Wọ́n á ti lọ nígbà náà. Kí o gbé e padà wá fún mi láàyè."

"Mo gbọ́, sà."

"Láàyè ni mo wí o."

"Láàyè ni, Bàbá."

Ó sìn mí dé ẹ̀bá títì, ó gbé agbọ̀n náà fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe bí a ti ń lọ. Ó ní kí n má fún un lóńjẹ lójoojúmọ́ bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Bí ó bá jẹun tán, kí n gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, torí pé bí mo bá gbé e, yóò bì í. Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí omi ògì, awọ ló fẹ́ bọ́. Kí n má fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ rárá, kí n rin ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sómi kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀.

"Ohun tó kù," ó wí, "má ti eku alààyè mọ́ ọn kí o sì bá tìrẹ lọ. Eku kì í dúró lásán de ikú."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé eku ni yóò wá jẹ òjòlá?"

"Bí ebi bá ń pa wọ́n, wọn kì í wo bí o ṣe tóbi tó."

Nígbà tí mo dé ilé, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, mo sì kọ "kò dájú" síwájú ti eku. Ìwé ńlá kan tí a ní ní ilé ẹ̀kọ́ sọ pé ẹran alààyè ni òjòlá ń pa jẹ. Kò sọ ohun tí eku lè ṣe fún un. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ ìwé sí ìdáhùn. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ méjì yẹn tí mo kọ síwájú ọ̀rọ̀ Bàbá, ojú máa ń tì mí ju ohun mìíràn tí mo tún kọ lọ.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú yàrá ìwádìí wa. Mùsùlùmí ni, Alfa ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Ó wò mí bí mo ti ń tú agbọ̀n náà sínú àpótí onínẹ́ẹ̀tì tí kápẹ́ńtà kàn fún mi.

"Mísì, ẹ̀yin lẹ kì í pa á nílé yín," ni ó wí. "Èmi kì í ṣe ará ilé yín. Tó bá jáde, igi ni mo máa gbé."

"Kò ní oró, Alfa."

"Igi náà kò ní oró."

Ìyá mi kò bínú sí ejò náà, ọ̀rọ̀ ọkọ ló ń rò. "Ọkùnrin wo ni yóò wá fẹ́ ọmọ tó ń bá òjòlá gbé?"

"Ilé ẹ̀kọ́ ló wà, Màmá, kì í ṣe ilé wa."

"Wọn kò ní dúró gbọ́ ìyẹn."

Fún oṣù méjì àti ààbọ̀, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Mo ń fún un ní eku tí mo ti pa, lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ń gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, mo gbé e han àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ọjọ́ kejì tí ó jẹun, ó sì bì í sórí tábìlì lójú gbogbo wọn. Bàbá ti sọ òótọ́ nínú ohun méjì nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ṣe kòńgẹ́ ni.

Ọyẹ́ mú gan-an nígbà tó di oṣù Ṣẹẹrẹ. Ètè àwọn ọmọ là, pátákó tábìlì là. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé ojú òjòlá náà ń ṣe bàìbàì, ó funfun, ó sì ní búlúù díẹ̀ nínú. Ó dà bí omi ògì. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí ó jẹ́. Mo mọ̀. Mo ní kí Alfa bá mi wá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá parí.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí lọ́jọ́bọ̀. Ó ní ìnísípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wo yàrá ìwádìí. "Mo gbọ́ pé ejò yín máa ń gbé eku mì lódindi. Ọkùnrin náà yóò fẹ́ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀." Ó yẹ kí n sọ fún un pé ejò náà fẹ́ bọ́ awọ, pé kò ní jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. N kò sọ ọ́. Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo fẹ́ kí ìnísípẹ́kítọ̀ náà rí mi ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo fi ẹmọ́ kan sínú àpótí, láàyè, kí ó lè jọ ohun tó wà nínú ìwé. Ìnísípẹ́kítọ̀ dé, ó tẹ orí sílẹ̀ wo ejò náà bí ìṣẹ́jú kan. Ejò kò mira. Ẹmọ́ ń nu imú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi.

"Ó ń sùn," ni ìnísípẹ́kítọ̀ wí, ó sì kọjá lọ wo ibi tí a ń kó àwọn ìgò sí.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí ejò náà bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dójú tì mí. Mo ti ṣèlérí pé mo máa lọ sí Ọ̀tan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà fún ìgbéyàwó ẹnìkan tí a jọ ń kọ́ni, mọ́tò sì ti ń dúró. Alfa ti mọ́sálásí dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń kó ìwé mi.

"Ṣé kí n bá yín yọ eku yẹn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ebi á pa ejò náà lóru, á jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká ju ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i nígbà náà."

"Alfa, ta lẹ fẹ́ bọ́ gan-an, ejò ni tàbí eku?"

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo sọ ọ́ bí àwàdà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Ọ̀tan. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó yẹ kí Alfa ti wọlé tún un ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹmọ́ wà ní igun àpótí, ó tóbi ju bí mo ti fi í sílẹ̀ lọ. Ó ti da abọ́ omi nù, ilẹ̀ àpótí sì ti gbẹ. Ó ti jẹ ẹ̀yìn òjòlá náà ní ibi mẹ́ta, ó hàn dé eegun ní ibì kan. Ejò náà wà láàyè. Awọ àtijọ́ tí kò rí omi bọ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó gbé orí sókè díẹ̀ nígbà tí mo ṣí ìdérí, n kò sì rò pé ó rí mi, torí pé ojú rẹ̀ ṣì funfun.

Alfa wò ó. Ó jáde, ó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rin ín sómi, ó sì tẹ́ ẹ sínú àpótí, òun tó ní igi ni òun máa gbé. Lọ́jọ́bọ̀ ni ejò náà kú.

Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí n lọ sóko. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé òjòlá Bàbá sínú ìgò ńlá, mo da oògùn tí a fi ń pa òkú ẹran mọ́ lé e lórí, mo sì lẹ ìwé mọ́ ìgò náà. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn ọmọ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, pé ejò tí a sin kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Àlàyé tó dára ni. Mo kọ orúkọ ejò náà sórí ìwé ọ̀hún, mo kọ ibi tí wọ́n ti rí i. N kò kọ ohun tó pa á.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn lébìrà ti lọ. Mo dúró di ọjọ́ tí mo mọ̀ pé Bàbá yóò lọ ná ọjà ní Ọ̀rà, mo gbé agbọ̀n òfìfo lọ sóko, mo sì gbé e padà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Ìlá, mo ní mo ti tú ejò rẹ̀ sílẹ̀.

"Níbo?"

"Níbi tí igi kòkó àgbà ti parí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán, níwájú ilẹ̀ iṣu."

Ó yẹ kí irọ́ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí pẹ̀lú ìdùnnú, mo sì fi kún un. Mo ní ejò náà yí orí padà lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wọ inú ewé lọ.

"Ó dá ọ mọ̀ nìyẹn," ni Bàbá wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ di iṣu mẹ́ta fún mi, mo sì gbà á.

Lẹ́yìn òjò méjì, ojú ọ̀run tún dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí òjò. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi ń wa gàrí, ó sì sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ilẹ̀ iṣu jin ejò rẹ o."

"Báwo, Màmá?"

"Ó ta màrìwò sí apá ọ̀hún níbi òkìtì ikán. Wọn kò gbọdọ̀ dáná sí i, wọn kò gbọdọ̀ kọ ebè níbẹ̀. Ó ní bí igba ebè ló máa pàdánù, ṣùgbọ́n àlejò rẹ̀ kò tíì mọ ilé dáadáa. Ilẹ̀ tó dára jù nínú oko yẹn ni."

Mo gbìyànjú láti fi ọgbọ́n yanjú rẹ̀. Mo rò ó pé igba ebè kì í ṣe gbogbo oko. Mo rò ó pé bí mo bá sọ òtítọ́, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ejò àti nítorí irọ́. Bí mo bá dákẹ́, ilẹ̀ nìkan ló ń pàdánù. Àlàyé yìí náà dára. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí i pé nínú gbogbo àlàyé mi, èmi ni n kì í pàdánù ohunkóhun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo yọ òjòlá náà kúrò nínú ìgò, mo fọ̀ ọ́ lómi lẹ́ẹ̀mẹta, mo wé e mọ́ aṣọ funfun, mo sì wọ mọ́tò Ọ̀rà. Bàbá ń yan èèbù iṣu lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò sì dìde.

"Bàbá, n kò tú ejò yín sílẹ̀. Ó kú sọ́dọ̀ mi lóṣù Ṣẹẹrẹ. Mo ti eku mọ́ ọn, mo sì lọ sí òde ìgbéyàwó. Òun ló wà nínú aṣọ yìí."

Ó gbé èèbù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó kú lọ́jọ́ tí eku jẹ ẹ́?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ojú rẹ̀ funfun nígbà tí o fi eku sí i?"

Ìbéèrè tí mo ti ń gbàdúrà kí ó má bi mí nìyẹn. "Ó funfun, Bàbá. Mo rí i."

Ó mí kanlẹ̀. Kò bú mi. Ó ní kí n lọ mú ọkọ́. Oògùn inú ìgò ti mú kí ejò náà gan, a kò lè tẹ́ ẹ gbọọrọ bí wọ́n ti ń tẹ́ wọn. Bí ó ti ká nínú ìgò náà ló ṣe wà. Mo gbẹ́ ihò náà róbótó, Bàbá ń sọ fún mi ibi tí mo máa fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ti kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, ó ní:

"Mo ti sọ fún gbogbo ará abà yìí pé ọmọ mi gbé àlejò wa padà wá. Èmi kò ní lọ tú u sọ. Ìwọ ló máa sọ fún wọn."

Mo sọ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí wọ́n kó jọ jẹun, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àti àwọn ìyàwó wọn, àti ìyàwó Bàbá tí a ń pè ní Ìyá Oko. Mo sọ ọ́ ní ṣókí. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ìyá Oko ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Omi tí mo ń gbé lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí òjò ti dáwọ́ dúró ńkọ́?"

N kò mọ̀ nípa omi kankan. Odò abà ti ń gbẹ, ó jìnnà, orúnkún Ìyá Oko kan sì ń dùn ún.

"Ó ń dín kù lójoojúmọ́," ó wí. "Mo ní ó ń mu ún. Ta wá ló ń mu ún?"

Mo rò ó kí n tó dáhùn, torí pé n kò fẹ́ tún sọ ohun tí kò dá mi lójú fún wọn. "Ó lè jẹ́ ẹyẹ, mà. Ó sì lè jẹ́ oòrùn."

Ìyá Oko ní: "Lọ gbé ìkòkò náà wá."

Mo lọ. Mo gba abẹ́ màrìwò kọjá, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ikán, ìdajì ìkòkò tó ti fọ́ ni, Ìyá Oko ti rì í mọ́lẹ̀ kí ó má baà dà nù. Ó ti pọnmi sí i láàárọ̀ náà, ó kún, ó sì ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bo apá kan rẹ̀ kí oòrùn má baà mú un gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti hú u. Ó pẹ́ kí n tó lè da omi náà nù.